Ẹ Kú Ewu: Àkọsílẹ̀ Òṣìṣẹ́ Ìlera Kan Tí Kò Béèrè Mọ́

Orúkọ aláìsàn 14 ló wà nínú rẹ́jísítà àwọn aláìsàn ọpọlọ ní sẹ́ńtà ìlera abúlé kan fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Láti oṣù kẹrin lọ, kò sí orúkọ kankan mọ́. Ojú ìwé funfun báláú, oṣù kan lẹ́yìn òmíràn, òdo nìkan ni wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí i, mo sì rántí ohun tí mo sọ. Mo ní, "Bóyá ara wọn ti yá." Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọpọlọ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré mọ̀ pé ìlú kan kì í ṣàdédé bọ́ lọ́wọ́ ìrònú, wárápá àti ọtí lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ fi ìròyìn oṣù ránṣẹ́ kí n máa lọ sílé.

Yunifásítì kan ní Èkìtì ni mo ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Mi ò ní dárúkọ yunifásítì náà, mi ò sì ní dárúkọ ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Èkìtì kò tóbi. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni gbogbo wa, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ nípa nọ́ọ̀sì kan ní Òmùò láàárọ̀ lè dé Ẹ̀fọ̀n kí wọ́n tó gún iyán alẹ́. Mo ti yí nǹkan díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà nàka sí ẹnikẹ́ni.

Màmá ni gbogbo wa ń pe obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà kàn, orúkọ yẹn náà ni mo máa lò níbí. CHEW ni, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera agbègbè tí wọ́n kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera. Àwọn ará abúlé ò bìkítà nípa ohun tó wà lórí sáàtífíkéètì rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé ní 50 ọdún. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wà ní sẹ́ńtà ìlera alábọ́ọ́dé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́: òun, ọ̀gá sẹ́ńtà, àti obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ tó tún ń bá wọn wá káàdì. Àjẹsára, ìgbẹ̀bí, ibà, ojú egbò. Kò sí ẹni tó ti bá wọn sọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ rí kí àwa tó dé.

Ìdí tí a fi dé ibẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Dókítà tó kọ́ṣẹ́ àìsàn ọpọlọ kò pọ̀ ní Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà, ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n wà, jápa sì ti kó nínú wọn lọ. Irú àìtó bẹ́ẹ̀ ló mú kí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ètò mhGAP kalẹ̀ ní 2008, tí wọ́n tẹ ìwé atọ́nà rẹ̀ jáde ní 2010, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2016. Ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé ẹni tí kì í ṣe dókítà ọpọlọ lè dá ìrẹ̀wẹ̀sì, wárápá, ìsínwín àti ọtí àmujù mọ̀ ní sẹ́ńtà tó sún mọ́ ilé àwọn èèyàn, kí ó tọ́jú èyí tí agbára rẹ̀ bá ká, kí ó fi èyí tó kù ránṣẹ́ sílé ìwòsàn ńlá. Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́ títí di òní.

Ọjọ́ márùn-ún ni ẹ̀kọ́ wa. Ní ọjọ́ kìíní, a máa ń sọ ìtàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro fún wọn, bí Dókítà Thomas Adeoye Lambo ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1954, tí ó ní kí àwọn aláìsàn máa gbé nílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn torí pé ó máa ń jẹ́ kí àwọn CHEW jókòó ire. Wọ́n á rí i pé ohun tí a gbé wá kì í ṣe ọjà òkèèrè.

Ọjọ́ kẹta ni a dé orí ìbéèrè. A ti tú ìbéèrè ìrẹ̀wẹ̀sì sí Yorùbá, Yorùbá tó dán, irú èyí tí wọ́n fi ń ka ìròyìn. Màmá nawọ́. Ó ní bí òun bá bi ìyá kan ní abúlé àwọn bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá a, yóò ní rárá, torí pé ọ̀rọ̀ ìwàásù ni ìrẹ̀wẹ̀sì, ẹni tó bá jẹ́wọ́ rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé ìgbàgbọ́ òun kéré. "Ẹ bi í bóyá orí rẹ̀ ń gbóná. Ẹ bi í bóyá nǹkan ń rìn nínú orí rẹ̀, bí ọdẹ orí. Ẹ bi í bóyá ó ń ronú jù lóru. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í bóyá iyán ṣì ń dùn lẹ́nu rẹ̀. Ará Èkìtì tí iyán ò bá dùn lẹ́nu ẹ̀ mọ́, ẹ ò tún nílò ìwé kankan." Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. A kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, a sì ń lò ó di òní.

Ìbéèrè kan ló kù tí ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín sí. Ìyẹn ni èyí tí wọ́n fi ń bi aláìsàn bóyá ó ti ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn kan ta ìka yí orí wọn ká, wọ́n ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. A fi ibi tó wà nínú ìwé atọ́nà hàn wọ́n: bíbéèrè kì í ti èèyàn sínú rẹ̀, ara ló sábà máa ń tu ẹni náà pé ẹnìkan ti gbọ́ tòun. A ní kí wọ́n máa bi ara wọn ní méjì-méjì títí ahọ́n wọn fi mọ́ ọn lára. Màmá ṣe é dáadáa ju ọ̀pọ̀ wọn lọ. Nígbà tí a dán wọn wò lọ́jọ́ karùn-ún, máàkì rẹ̀ wà lára èyí tó ga jù, a sì fún un ní sáàtífíkéètì tí nọ́ńbà fóònù kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, "fún ìrànlọ́wọ́ nígbàkígbà." Mo máa padà sórí nọ́ńbà yẹn.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ dùn. Ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n ti yọ kúrò níléèwé nítorí wárápá. Màmá bẹ̀rẹ̀ phenobarbital fún un gẹ́gẹ́ bí ìwé ṣe wí, gìrì náà dínkù, ó padà sí kíláàsì. Bàbá kan dín ọtí kù. Àwọn ìyá tí orí wọn ń gbóná ń wá. Àwa ní yunifásítì ya fọ́tò rẹ̀, a fi sínú ìròyìn fún àwọn tó fún wa lówó.

Lẹ́yìn náà ni òdo dé.

Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a rán ọ̀dọ́kùnrin dókítà kan lọ, ọmọ dáadáa, tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ọpọlọ lọ́wọ́. A gbé fọ́ọ̀mù lé e lọ́wọ́, èyí tó ní kókó tí a fẹ́ kí ó máa fi àmì sí: ṣé ìwé atọ́nà wà lórí tábìlì, ṣé oògùn wà, ṣé rẹ́jísítà wà, ṣé òṣìṣẹ́ lè dárúkọ àmì ìrẹ̀wẹ̀sì márùn-ún. Gbogbo rẹ̀ ló wà. Màmá dárúkọ àmì méje. Ó ra mínírà fún un, ó sì di iṣu méjì sí i lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tó béèrè ìdí tí orúkọ aláìsàn ò fi sí nínú rẹ́jísítà, Màmá ní, "Wọn ò wá ni, Dókítà. Ẹ bá wa gbàdúrà." Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ni ẹ fẹ́ kí ó sọ? Obìnrin tó lè bí i lọ́mọ ni, ọmọ náà gbé fọ́ọ̀mù dání, ó ń fàmì sí i. Ó tún ní ohun mìíràn tí a ò fojú sí nígbà náà. A ti fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ṣáájú pé a ń bọ̀ wá ṣe "supervision". Lẹ́nu iṣẹ́ ìlera nílẹ̀ wa, ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn mọ ohun tó túmọ̀ sí: àwọn kan ń bọ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ tàbí láti Adó, wọ́n máa ṣí rẹ́jísítà, wọ́n máa wá àṣìṣe, wọ́n máa kọ orúkọ ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí ìwé wa pè ní supervision ni pé kí àgbà nínú iṣẹ́ jókòó ti ẹni tó ń ṣe é, kí wọ́n jọ yẹ ọ̀rọ̀ wò, kí ẹrù fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìtumọ̀ méjì tí kò bára tan. Nítorí náà Màmá gbá sẹ́ńtà mọ́, ó wọ aṣọ iṣẹ́ tó lọ̀, ó sì pa ẹnu mọ́.

Ìkejì, a ronú pé bóyá ó ti gbàgbé. A pè wọ́n sí Adó fún ọjọ́ kan kí a tún un kọ́ wọn. Ó wá, ó jẹun, ó yege. Mo ṣì ń kábàámọ̀ owó ọjọ́ yẹn. Àìmọ̀ kọ́ ni àìsàn náà, àwa sì ń da ẹ̀kọ́ lé e bí ẹni ń fún aláìsàn ibà ní oògùn aràn.

Ìkẹta ni WhatsApp. A ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n lè máa béèrè ọ̀rọ̀. Kí n má purọ́, ẹ kú oṣù tuntun, àdúrà òwúrọ̀ àti fọ́tò ìsìnkú ló kún ibẹ̀. Ẹnìkan béèrè nígbà kan nípa aláìsàn tí ọrùn rẹ̀ lọ́ lẹ́yìn tó lo haloperidol, oògùn ìsínwín. Ọjọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó fèsì. Dókítà tí a gbé iṣẹ́ ìdáhùn lé lọ́wọ́ ti lọ sí ìlú òyìnbó. Kò kúrò nínú ẹgbẹ́ náà o. Ó máa ń fi ọwọ́ ìyìn sí ọ̀rọ̀ wọn láàárín òru, nígbà tí ó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà kì í ṣe nítorí ọgbọ́n wa. Ọ̀dọ́ dókítà yẹn lọ ṣe ìdánwò, kò sí ẹni tí a lè rán, ni mo bá bẹ mátírọ́ọ̀nù àtijọ́ kan, nọ́ọ̀sì ọpọlọ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ó máa ń wá bá wa kọ́ kíláàsì nígbà mìíràn. Mo gbé fọ́ọ̀mù fún un. Ó ní òun ò mú gíláàsì òun wá. Ó ki fọ́ọ̀mù bọ báàgì, kò sì tún mú un jáde mọ́.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kí ara wọn dáadáa, kí ni ó jẹ, báwo ni àwọn ọmọ, nígbà tó yá obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀: "Mà, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ni?" Ó sọ ọ́ ní ṣókí. Mátírọ́ọ̀nù wọlé, ó bá Màmá nídìí tábìlì àjẹsára. Kò béèrè rẹ́jísítà. Ó ní, "Àbúrò mi, ẹ kú ewu o. Ẹ kú ewu gan-an. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́."

Màmá jókòó. Mátírọ́ọ̀nù sọ fún mi pé ẹkún náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wà níta fi dákẹ́. Oṣù márùn-ún ti kọjá. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó wá kí i kú ewu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ìparí oṣù kẹta, ìyàwó ilé kékeré kan gbé ọmọ wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ojú rẹ̀ ti wọlé. Kò sùn láti ọ̀sẹ̀ méjì, orí ń gbóná, ọmọ ń sunkún kò sì wù ú láti gbé e. Ọkọ wà ní Èkó. Màmá béèrè gbogbo ìbéèrè, ó dé orí ti ikú, ọmọbìnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, òun máa ń rò ó, ṣùgbọ́n òun ò tíì múra àtiṣe é. Màmá ṣe ohun tí a kọ́ ọ láìfi ọ̀kan sílẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe ìyá ọkọ, ó ní kí wọ́n má fi ọmọbìnrin náà nìkan sílẹ̀, kí wọ́n kó oògùn oko kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n ti oògùn náà mọ́ ibòmíràn. Ó kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó. Ó ní kí wọ́n padà wá rí òun ní ọ̀sẹ̀ kan.

Wọn ò lọ sí Adó. Owó ọkọ̀ lọ àbọ̀ fún èèyàn méjì ju ohun tó wà nílé lọ. Ìyá ọkọ mú un lọ sí orí òkè àdúrà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọmọbìnrin náà gbé nǹkan jẹ. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn lásìkò, ó yè.

Lọ́jọ́ ọjà, ìyá ọkọ dúró níwájú ìsọ̀ ẹlẹ́pà, ó ní nọ́ọ̀sì ló fi ọ̀rọ̀ ikú sí ìyàwó ọmọ òun lẹ́nu. "Ta ló máa ń bi abiyamọ bóyá ó fẹ́ kú?" Ẹyin lọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìlú ti gbọ́. Àwọn ìyá kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní ìlú kejì. Ọlọ́pàá kan wá sí sẹ́ńtà láti bi í ní ohun tó mọ̀, torí pé abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ṣì ka ìgbìyànjú àtigba ẹ̀mí ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè torí rẹ̀ ju èèyàn sẹ́wọ̀n ọdún kan. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023 gba ipò òfin tí àwọn òyìnbó amúnisìn fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò mú abala yẹn kúrò. Ọlọ́pàá náà ò padà wá. Ṣùgbọ́n Màmá ò sùn fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń rò ó pé wọ́n máa ní òun mọ̀ sí i. Ọ̀gá sẹ́ńtà sọ fún un pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ọ̀rọ̀ wèrè yẹn sílẹ̀. Àjẹsára ni ìjọba ní ká máa ṣe níbí."

Ó pe nọ́ńbà tó wà lórí sáàtífíkéètì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pè é. Fóònù náà ò lọ.

Nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù sọ èyí fún mi, mo dìde, mo ṣí dúrọ́ọ̀ mi. Fóònù náà wà níbẹ̀, abẹ́ fáìlì, bátìrì ti kú. Ẹni tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ náà tẹ́lẹ̀ ló ń gbé e kiri. Nígbà tí ó gba iṣẹ́ mìíràn, ó fi í lé mi lọ́wọ́, mo sì jù ú síbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè dá lẹ́bi.

Mo ti jókòó ní ìpàdé ilé ìwòsàn ńlá lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀gá máa ń pe gbogbo èèyàn jọ, wọ́n á tú ìwé aláìsàn wò, ẹnìkan á sọ pé ohun tí o ṣe ló yẹ kí o ṣe, ẹnìkan á ra tíì. Kì í fìgbà gbogbo dùn, ṣùgbọ́n èèyàn kì í dá ẹrù náà gbé. Màmá ṣe ohun tí dókítà ọpọlọ ìbá ṣe gan-an, ìyá ọkọ aláìsàn àti ẹlẹ́pà ló sì jókòó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ó wá dá ìbéèrè dúró. Kò gbàgbé ẹ̀kọ́ wa. Ó rántí rẹ̀ jù.

Mátírọ́ọ̀nù ló sọ ohun tí a máa ṣe, a ò bá a jiyàn. Ó ní òun á máa pe Màmá ní gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ààbọ̀ wákàtí, kó má lọ sókè, kó má lọ sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ Màmá fúnra rẹ̀ ló máa ṣáájú, ti aláìsàn á tẹ̀lé e. Oṣù kan gbáko, ti aláìsàn ò tíì dé. Oorun tó kọ̀, ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ wọ yunifásítì, ìbínú rẹ̀ sí àwa. Mo béèrè bóyá ó yẹ kí a kọ ìwọ̀nyí sínú ìròyìn. Mátírọ́ọ̀nù wò mí lójú, mo dákẹ́.

Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì jọ lọ sílé ìyá ọkọ. Ìgbà àkọ́kọ́, kò fún wọn ní ìjókòó. Ó ní kí wọ́n kúrò ní "ulé" ọmọ òun. Wọ́n kí i, wọ́n lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n padà, Mátírọ́ọ̀nù ò sì dárúkọ ìyàwó rárá. Ó ń bi màmá náà léèrè ìbímọ tirẹ̀, ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀, ohun tí wọ́n fún un jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn kan ti jáde tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àbúrò màmá yìí kan ya abísínwín nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnìkan, wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè é, kò sì padà wálé láàyè. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń bi ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè níjọ́sí, ohun tí màmá náà ń gbọ́ ni ìró ẹ̀wọ̀n. Orí òkè tó sáré gbé e lọ, ìfẹ́ ló mú un ṣe é.

Mátírọ́ọ̀nù sọ lójú gbogbo wọn pé ohun tí Màmá ṣe ni òun náà ìbá ṣe, pé ìbéèrè yẹn ti wà lára ọmọbìnrin náà kí nọ́ọ̀sì tó la ẹnu. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé àga jáde.

Ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí sẹ́ńtà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ ló pọ̀ nínú ìtọ́jú náà: kí ó dárúkọ ìṣòro kan, kí wọ́n jọ wá ohun kékeré kan tí ó lè ṣe sí i kí ó tó padà wá, kí ìyá ọkọ máa gbé ọmọ fún wákàtí méjì lọ́sàn-án kí ó lè sùn. Irú ọ̀nà yìí ni àwọn ìyá àgbà ń lò lórí bẹ́ǹṣì ní Harare, nínú ètò tí Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ ní 2006, Friendship Bench. Orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe àìsàn náà ni kufungisisa, ríronú jù. Bíi pé Màmá ló bá wọn sọ ọ́ lórúkọ. Chibanda ti sọ pé ohun tó mú òun bẹ̀rẹ̀ ni ikú aláìsàn òun kan tí kò rí owó ọkọ̀ wá sílé ìwòsàn. Owó ọkọ̀, níbẹ̀ náà. A dá owó jọ fún ẹ̀ẹ̀kan péré kí dókítà ní Adó rí ọmọbìnrin náà. Nítorí pé ó ń fún ọmọ lọ́mú, dókítà fara balẹ̀ yan oògùn, ó sì ní kí wọ́n máa fún un ní ti ọ̀sẹ̀ kan-kan, kí ó wà lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Ìyá ọkọ so kọ́kọ́rọ́ àpótí mọ́ ìdí ìró rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá sẹ́ńtà kò pẹ́. Kò kórìíra ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù ìjọba ìbílẹ̀ ni kò fẹ́ kó gba àkókò òṣìṣẹ́ rẹ̀. A bá ìjọba ìbílẹ̀ sọ ọ́, wọ́n gbà kí ó máa fi iye náà sísàlẹ̀ ìròyìn rẹ̀. Láti ìgbà náà, òun gan-an ló ń bi Màmá bóyá àwọn aláìsàn ọpọlọ ti wá.

Ohun tó yọ wá lẹ́nu jù ni ìpàdé. A fẹ́ kí CHEW láti sẹ́ńtà mẹ́ta tó sún mọ́ra máa jókòó pọ̀, ẹ̀ka wa sì yan ọjọ́ Wẹ́sídeè, torí pé kíláàsì ò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó wá. Màmá ló là á yé wa lórí fóònù: ọkọ̀ kì í wọ apá ibẹ̀ dáadáa àfi lọ́jọ́ ọjà, ọjà wọn sì jẹ́ ọrọọrún, kò mọ Wẹ́sídeè. Bí a bá fẹ́ rí wọn, ká máa bá ọjọ́ ọjà wọn rìn. Mo ní láti lọ ṣàlàyé fún àwọn aṣírò-owó pé ọjọ́ ìpàdé wa á máa yí kiri nínú ọ̀sẹ̀. Wọ́n rò pé mò ń ṣe mágòmágó. Nígbẹ̀yìn mo ka ọjọ́ ọjà náà sórí kàlẹ́ńdà fún oṣù mẹ́fà, mo fi ránṣẹ́ sí wọn pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ẹ̀yìn ìsọ̀ aláṣọ kan ni wọ́n ti ń jókòó. Wọ́n ra ohun tí wọ́n fẹ́ rà, wọ́n sọ aláìsàn kan-kan, wọ́n bá ọkọ̀ ọ̀sán padà.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn "ẹ kú ewu" yẹn, orúkọ kan wọ rẹ́jísítà. Ní oṣù tó tẹ̀lé e, mẹ́ta. Ìbéèrè ikú ló pẹ́ jù kí ó tó padà, nígbà tó sì padà, kì í ṣe bí a ti kọ́ ọ ni ó ń béèrè rẹ̀ mọ́. Ó máa ń kọ́kọ́ pe àgbà tó bá tẹ̀ lé aláìsàn wọlé, á sọ fún un pé, "Mo máa bi í ní ọ̀rọ̀ kan tó le, ọ̀rọ̀ náà wà nínú ìwé, gbogbo ẹni tí orí bá ń gbóná fún ni mo ń bi." Lẹ́yìn náà, á yíjú sí aláìsàn nìkan: "Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ń rí irú èyí máa ń rò ó pé kí àwọn kúrò láyé. Ṣé ó ti ń ṣe ìwọ náà bẹ́ẹ̀?" A yọ gbólóhùn tiwa kúrò nínú ìwé ẹ̀kọ́, a fi tirẹ̀ sí i.

Àwọn tí ń kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí ní àwọn yunifásítì mìíràn ti bi mí ní ohun tí a yí padà. Kò pọ̀. Ọjọ́ karùn-ún ti kúrò ní ọjọ́ ìdánwò, ó ti di ọjọ́ tí a ń kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa ṣe bí nǹkan bá bàjẹ́: ẹnìkan ń ṣe ìyá ọkọ tó ń pariwo, ẹnìkan ń ṣe ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ á sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe àti ìdí tó fi ṣe é. Màmá ló ń ṣe ìyá ọkọ. Ó mọ̀ ọ́n ṣe ju bó ṣe yẹ lọ. Kò sí nọ́ńbà ọ́fíìsì lórí sáàtífíkéètì mọ́. Orúkọ èèyàn kan ló wà níbẹ̀, àgbà tó ti ṣe iṣẹ́ náà rí, tí òṣìṣẹ́ sì ti bá jẹun pọ̀ kí ó tó kúrò ní Adó. A ò lo ọ̀rọ̀ "supervision" nínú àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́, a máa ń kọ ọ́ pé a ń bọ̀ wá kí yín. Bí ohun tó burú bá sì ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn òṣìṣẹ́ kan, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, láìmú fọ́ọ̀mù dání.

Gbogbo èyí ṣì wà lórí ẹsẹ̀ kan. Mátírọ́ọ̀nù mẹ́ta péré la rí, wọ́n ti dàgbà, káàdì fóònù wọn sì ń jáde láti àpò wọn ju bó ṣe ń jáde láti àpò wa lọ. Nígbà tí mo kọ owó ìbẹ̀wò ọjọ́ méjì yẹn sínú ìwé ìnáwó ọdún yìí, mo pè é ní "ìbẹ̀wò ẹ kú ewu". Àwọn aṣírò-owó dá a padà, wọ́n ní kò sí orí ìnáwó tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo kọ "epo ọkọ̀" síbẹ̀, wọ́n sì buwọ́ lù ú.